Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́, tó tún ń kanlẹ̀kùn

Aago mẹ́ta ọ̀sán géérégé ni wọ́n kan ilẹ̀kùn Daddy Olúgbémiga lẹ́ẹ̀mẹta. Kọ́kọ́rọ́ sì ń dún wọnran-wọnran níta. Oyinadé, tó ń ṣe iṣẹ́ care, ìtọ́jú arúgbó nínú ilé wọn, fún bàbá náà ní Thamesmead ní London, ju táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ó sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́nì kankan. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ipa ẹsẹ̀ tútù kan lórí sìmẹ́ńtì.

“Ọjọ́ kẹsàn-án rèé,” Daddy wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Èmi ló ń wá.”

“Ta ni, Daddy?”

“Ẹni tí ìyàwó mi ń gbàdúrà sí lórí ọ̀rọ̀ mi títí ó fi kú.”

Oyinadé jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ wọ eegun. Ilé kẹfà tó máa wọ̀ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti fojú kan ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ̀yìn. Gbogbo Sọ́ńdè ló ń gba shift.

“Ẹ dá a lóhùn, Daddy.”

“Ọmọ yìí! Ọdún méjì ni mi ò ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Tó bá ti yàn mí, kó wọlé, ṣebí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí kò bá yàn mí, kí ló wá ń kanlẹ̀kùn sí?”

“Èmi náà mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ yín wà. Inú àpótí kékeré ara ògiri níta yẹn ni, mo mọ nọ́ńbà ẹ̀. Síbẹ̀, mo máa ń kanlẹ̀kùn, màá sì dúró gbóhùn yín. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. A kì í já wọlé onílé.”

“Tí mi ò bá dáhùn ń kọ́?”

“Màá wọlé kẹ̀! Ṣé kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?”

“A jẹ́ pé onítọ̀hún ní sùúrù jù ẹ́ lọ.” Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu bàbá. Ó wo ilẹ̀kùn títí.

Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀sì pẹ́. Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tí Oyinadé dé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpótí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ arọ Daddy wà níbi tí Oyinadé fi í sí lánàá. Daddy jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára férémù, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń kí àlejò káàbọ̀. Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tó ti rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun láti ọdún méjì, ti kó eruku kápẹ́ẹ̀tì.

“Ta ló gbé e débí?” ni àwọn tó wá pẹ̀lú áńbúláǹsì ń bèèrè.

Oyinadé wo eruku àtẹ́lẹsẹ̀ náà. Bàbá ló rìn. Ta ló wá fún un lẹ́sẹ̀?

Àwọn ọ̀gá Oyinadé níbi iṣẹ́ ní kó lọ sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ ní Woolwich, tòun ti bàtà. Wọ́n kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Kọ́kọ́rọ́ dún wọnran-wọnran, ṣùgbọ́n kò wọ ihò.

“Ó ti rẹ̀ mí,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Jọ̀ọ́, ṣáà máa wọlé.”

Kọ́kọ́rọ́ dákẹ́. Ẹni náà kò lọ.

Oyinadé wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n.