Omi Tí Simiuni Tọrọ

Simiuni ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn, Simiuni náà ni wọ́n sì bá níwájú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ rú Natari lójú.

Orí òkun tó ti di yìnyín ni àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà, oníkálukú lórí ọ̀kadà yìnyín tirẹ̀, tí pákó ẹrù ń wọ́ tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu odò, okùn ẹrù Simiuni tú. Ó juwọ́ sí àwọn méjì yòókù pé kí wọ́n máa lọ, òun á bá wọn. Natari àti Alasua ò bá a jiyàn. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń ṣọdẹ, kò sì sí kọ̀rọ̀ tí Simiuni ò mọ̀ lórí òkun yẹn. Wọ́n gun òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì, wọ́n sì yọ sí adágún tí wọ́n ti fẹ́ pẹja. Simiuni ló jókòó sórí òkúta létí adágún náà, ó ká ọwọ́ mọ́ra, ó ń wò wọ́n.

"Ọ̀nà wo lo gbà?" Natari bi í.

"Ọ̀nà kan wà."

"Ọ̀kadà ẹ ńkọ́?"

"Mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn òkè. Natari, fún mi lómi."

Alasua rẹ́rìn-ín. Aláwàdà ni, kò sí ohun tí kì í fi ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ẹni tó sáré ju àgbọ̀nrín lọ, ṣé òùngbẹ ò ní gbẹ ẹ́? Jẹ́ ká na àgọ́ ná, eléré ìje."

Natari ti ń wo bàtà Simiuni. Ó tutù dé orúnkún, omi sì ń kán lára rẹ̀ sórí òkúta. Nínú òtútù yẹn, kí èèyàn tó ka ẹní, èjì, ó yẹ kí omi náà ti dì. Kò dì. Natari fi sọ́kàn, ó sì lọ tan sítóòfù.

Lásìkò yẹn nínú ọdún, òòrùn kì í wọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó kàn ń rìn yí ojú ọ̀run ká ni. Èèyàn á jẹun nígbà tí ebi bá pa á, á sùn nígbà tí oorun bá kùn ún, nígbà mìíràn ẹni tó jí kì í mọ̀ bóyá òun ti sùn rárá. Ìrìn àjò ìkẹyìn nìyẹn kí yìnyín òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, Natari ò sì fẹ́ pàdánù rẹ̀, nítorí Miali ìyàwó rẹ̀ ti sún mọ́ ìkúnlẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹran àti ẹja wà nílé kí àlejò tuntun tó dé.

Wọ́n lu ihò sínú yìnyín adágún, wọ́n sọ ìwọ̀ sí i. Ihò Simiuni lẹja ń wọ́ lọ. Ẹja onínú pupa, ńlá ńlá, ọ̀kan ò tíì jáde tán tí òmíràn fi ń fa okùn. Ẹnu ya Alasua.

"Kí lo sọ fún wọn nísàlẹ̀ yẹn?"

Simiuni tún fa òmíràn jáde. Síbẹ̀ kò fọwọ́ kan ọ̀kan nínú ẹja náà láti jẹ, òun tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú ẹja ló ń kọ́kọ́ yọ jẹ bí ọmọdé tó rí súìtì. Omi nìkan ló ń béèrè. Alasua ló wà nídìí kẹ́tùlù, síbẹ̀ ọwọ́ Natari ló ti ń tọrọ rẹ̀.

"Natari, fún mi lómi."

Natari á bu omi sínú kọ́ọ̀bù, á gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Simiuni á gbé e sẹ́nu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á máa lọ sókè sódò bíi ti ẹni tó ń mumi lóòótọ́, á sì dá kọ́ọ̀bù padà. Alasua yọjú wo inú rẹ̀. Àwàdà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fa Natari sẹ́yìn àgọ́.

"Wo inú kọ́ọ̀bù yẹn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo ti wò ó."

"Ó kún síbẹ̀."

"Mo ní mo ti wò ó, Alasua."

Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́.

Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ kì í wáyé láìgba orúkọ òkú. Òkú tó bá fẹ́ padà wá á lọ bá ẹni tó ń retí ọmọ lójú àlá, á ní kó fún òun lómi. Tí ẹni náà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí i lẹ́nu, tó sì ní "Mu ún, kí o máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa," ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ọmọ ti lórúkọ. Natari mọ èyí dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ bàbá tó bí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń pè é ní "Bàbá mi" títí dòní, á sì tún máa bá Bàbá rẹ̀ wí pé kò nu bàtà kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n òkú ló ń tọrọ omi, ojú àlá ló sì ti ń tọrọ rẹ̀. Natari ò sùn. Ó ti fi eyín jẹ ètè ara rẹ̀ láti mọ̀.

"Mò ń lọ wá àgbọ̀nrín," Alasua wí, ó sì ti ń gbé ìbọn kọ́ èjìká.

"O fẹ́ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀?"

"Ọwọ́ mi kọ́ ló ti ń tọrọ. Ìyàwó tèmi ò lóyún." Ojú Alasua ti pọ́n. "Ọ̀rẹ́ mi lòun náà, Natari. Mi ò lè dúró wò ó."

Nígbà tí ìró ọ̀kadà rẹ̀ ti jìnnà tán, Simiuni wá jókòó ti Natari lẹ́nu àgọ́. Ó ti yàtọ̀. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín, àwọ̀ ojú rẹ̀ sì ti ń ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ láfọ̀jù.

"Fún mi lómi."

"Omi ti tán," Natari wí. Irọ́ ni, kẹ́tùlù ń hó lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé tí òun ò bá fún un, Simiuni ò ní lè lọ. Ẹni tí kò lọ, ó ṣì wà. Ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun wà, báyìí náà, pẹ̀lú bàtà tútù àti ohùn tín-ín-rín.

Simiuni ò bínú. Kò kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún tọrọ, Natari tún ní ó ti tán. Òòrùn yí kọjá lórí adágún, kò sì sí ìgbà tí Simiuni ò tọrọ, kò sì sí ìgbà kan tó dìde lọ fọwọ́ ara rẹ̀ bu ú.

"Kí lo rántí?" Natari bi í níkẹyìn.

Simiuni rò ó. "Mo rántí okùn. Mo rántí pé mo bẹ̀rẹ̀ láti so ó. Lẹ́yìn ìyẹn, òùngbẹ ni mo rántí." Ó yíjú sí i. "Natari, kí ló ń ṣe mí?"

Natari sunkún. Kò fi bò. Ó dìde, ó bu omi adágún sínú kọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí i lẹ́nu.

"Mu ún," ó wí. "Mu ún, kí o máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Kọ́ọ̀bù náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fúyẹ́ sí i, títí omi inú rẹ̀ fi tán.

"Ó ti tó," Simiuni wí. Ó nu ẹnu, ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọ̀kadà òun lẹ́yìn òkè. Natari wò ó títí ó fi kọjá. Nígbà tó wo ilẹ̀, ipa ẹsẹ̀ Alasua àti ti òun Natari fúnra rẹ̀ nìkan ló wà lórí yìnyín.

Alasua padà dé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ń tú àgọ́ lọ́wọ́ nígbà tí rédíò sọ̀rọ̀, ohùn ìyá Natari ni. "Bàbá mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ má gba ẹnu odò bọ̀ o, yìnyín ti ya níbẹ̀. Wọ́n ti fa pákó ẹrù Simiuni jáde nínú omi. Wọn ò tíì rí òun fúnra rẹ̀." Alasua fi okùn àgọ́ sílẹ̀. "Miali ti bímọ. Obìnrin ni. Igbe tó ń ké látìgbà tó ti délẹ̀ pọ̀ jù. A ti ka gbogbo orúkọ òkú ilé wa sí i létí, kò gba ọ̀kankan."

Nígbà tí wọ́n délé, igbe ọmọ náà ni Natari kọ́kọ́ gbọ́. Kò bọ́ ẹ̀wù. Ó gbé e lọ́wọ́ Miali, ó tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, ó ní, "Simiuni." Igbe náà dá. Ọmọ náà wò ó, tìyanutìyanu.

Orúkọ ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin lọ́dọ̀ wọn. Natari fi awọ wé e, ó gbé e lọ sílé Elisapi, opó, ìyá Simiuni, tí kò ní ọmọ mìíràn. Àwọn obìnrin kún ilé láti bá a kẹ́dùn. Elisapi ní kí wọ́n jáde. Ó wo ọmọ náà, kò na ọwọ́.

"Ta ló fún un lómi?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ṣé ó bẹ̀ ọ́ pẹ́?"

"Ó bẹ̀ mí pẹ́. Ẹ dárí jì mí. Mo kọ́kọ́ kọ̀ fún un."

"Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ kọ̀." Elisapi rọra jókòó. "Mi ò retí ọmọ, síbẹ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ gan-an ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi yẹn, lójú gbangba, mò ń ran aṣọ lọ́wọ́. Ó ní, 'Ìyá mi, fún mi lómi.' Mo wo bàtà rẹ̀, mo sì mọ̀. Mo ní mi ò lómi. Mo rò pé tí mo bá lé e, á padà sínú ara rẹ̀ lọ́hùn-ún, á jáde sórí yìnyín, á wá sílé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi ní òùngbẹ ń gbẹ òun, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Natari sún mọ́ ọn. Ó gbé ọmọ náà lé e lẹ́sẹ̀.

"Ọmọkùnrin mi," Elisapi pè é. "Ṣé o bínú sí mi?"

Ìkókó náà na ọwọ́, ó sì di ìka rẹ̀ kan mú. Elisapi ta gìrì. Ilé gbóná, ọmọ náà ti làágùn nínú awọ tí wọ́n fi wé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ kékeré náà tutù bí ọwọ́ ẹni tó ti di etí yìnyín mú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Iyọ̀ òkun wà láàárín ìka rẹ̀.

Elisapi ò fa ìka rẹ̀ yọ. Ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù, ó ki ọwọ́ náà sí abẹ́ apá rẹ̀, ó sì mú un mọ́ra.

"Máa lọ sílé, Natari," ó wí. "Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi títí yóò fi gbóná."