Gíláàsì Ilé Ọ̀gá Dáníẹ́lì

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń kan báyìí? Ṣé ẹ fẹ́ fún fèrèsé lógì mu ni?”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Rhoda bá mi sọ nìyẹn. Orí àkàbà ni mo wà, nílé ọmọ Ọ̀mù-Àrán kan tó ń gbé Àbújá, tí kì í wálé àfi nígbà ọdún. Ọyẹ́ ti mú, eruku pupa sì ti bo gbogbo gíláàsì ilé náà. Mo wolẹ̀, mo rí omidan kan tó ń kọjá lọ, tó fọwọ́ bo imú, tó ń rẹ́rìn-ín.

“Omidùn ni,” mo ní. “Omi kíkan orí ògì ìyá mi. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀.”

“Ẹ wá fi ń fọ fèrèsé?”

“Mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, torí bí ògì bá kù nínú rẹ̀, yóò fa ìlà funfun sára gíláàsì. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo fi ń nù ún gbẹ. Aṣọ máa ń fi òwú sílẹ̀. Ẹ wò ó.”

Mo nu ojú kan. Ó sún mọ́ ọn, ó rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

“Háà! Ọṣẹ tí mo rà wá láti Ìlọrin kò ṣe tó báyìí. Bọ̀ọ̀dá, ẹ ó kọ́ mi.”

Mo kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ike wá bu omidùn. Lọ́jọ́ kẹta, ti àná kò tíì tán, ó tún dé. Ìyá mi wo èmi, ó wo òun, ó ní, “Ọmọ mi, fèrèsé mélòó ló wà nílé yín gan-an?” Rhoda fọwọ́ bojú. Mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Nígbà tí mo bèèrè, ó ní, “Ọmọ Ọ̀gá Dáníẹ́lì ni mí.” Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu mi.

Ọ̀gá Dáníẹ́lì ni ọ̀gá ilé-ìwé wa nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan fọ́ gíláàsì fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Èmi kọ́. Mo kàn ṣa àfọ́kù kan nílẹ̀ nítorí ó ń yọ àwọ̀ òṣùmàrè nínú oòrùn ni, òun ni wọ́n bá lọ́wọ́ mi. Ó nà mí lójú gbogbo ilé-ìwé, ó ní, “Ọmọ ológì, ògì ni wàá máa rù kiri.” Mo kó ìwé mi lọ sílé. Ìyá mi sunkún, ó bẹ̀ mí. N kò padà. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélógún. Àwọn kan ní ó yẹ kí n ti gbàgbé. Àwọn kọ́ ni wọ́n nà.

Mo sọ ọ́ fún Rhoda. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Àfísù mi, ìyá mi ti kú. Bàbá yìí nìkan ni òbí tó kù fún mi. Má jẹ̀ẹ́ kí n yan ọ̀kan nínú yín.”

“Ṣé ó rántí mi?”

“Wọn ò dárúkọ rẹ rí.”

“Èmi ò gbàgbé.”

Síbẹ̀, a ń fẹ́ra wa. Tíṣà ni Rhoda ní Arandun. Bó bá ti sọ̀ lórí ọ̀kadà nírọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ wa ló ń kọ́kọ́ yà. Ìyá mi kò bá mi fa ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Nínú ẹbí wa, ọdún méjèèjì la jọ ń jẹ. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: “Lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọmọ náà. Bí èèyàn bá dọ̀bálẹ̀ kí aràrá, bó bá dìde, ṣé kò ní ga jù ú ni?”

“N kò lọ,” mo ní.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kejì mú, Rhoda wá bá mi. “Bàbá ní fèrèsé pálọ̀ dọ̀tí. Mo fọ̀ ọ́ títí, wọ́n ṣì ń ráhùn. Wá bá mi fọ̀ ọ́, olùfẹ́ mi. Bí wọ́n bá rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ibẹ̀ la ó ti mú ọ̀rọ̀ wa wọlé.”

Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe lọ.

Ọ̀gá jókòó sórí àga, ó kọjú sí fèrèsé. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ohùn náà ni. Mo kí i lóòró. Mo fọ gíláàsì náà tinú tòde, mo nù ún gbẹ. Bí mo ṣe ń kó ìwé mi jọ, ẹ̀gà kan fò tààrà láti orí igi máńgòrò, ó kọlu gíláàsì, gbì! Ó ṣubú. Rhoda pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín: “Ẹyẹ ò mọ̀ pé gíláàsì wà níbẹ̀!” Ó sáré jáde lọ gbé e.

“Kò tíì mọ́,” Ọ̀gá ní. “Ìkùukùu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì náà.”

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú. Mo mi ìka níbẹ̀. Kò ṣẹ́jú. Bí ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Àrán-Ọ̀rin ṣe bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn: ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ ṣókùnkùn, àárín ló kú gbẹ̀yìn. Dókítà sọ fún wa nígbà náà pé ẹni tó bá tètè wá, oògùn wà tí wọ́n ń kán sí i, tí kò ní jẹ́ kó kọjá ibi tó dé.

Mo la ẹnu láti sọ ọ́.

“Ọmọ ológì ni ọ́, àbí?” Ọ̀gá ní. “Mo gbọ́ òórùn rẹ̀.” Ó fọwọ́ kan ìwé ìròyìn tó wà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín. “Ìwé tí o kò kà, òun lo wá fi ń nu gíláàsì kiri.”

Mo pa ẹnu mi dé.

Rhoda wọlé. “Àfísù, kí ló dé tí Bàbá ní kò mọ́?”

“Gíláàsì yín ló ti gbó,” mo ní. “Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.”

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìkùukùu kò lọ. Gbogbo Sátidé ni Rhoda ń fi omidùn wa fọ gíláàsì tuntun náà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dákẹ́. Láwọn àárọ̀ mìíràn mo máa ń pinnu pé n ó sọ ọ́ lónìí. Lẹ́yìn náà n ó rántí ẹ̀rín Ọ̀gá yẹn.

Nígbà òjò, Ọ̀gá já sí gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọ̀sán gangan. Rhoda gbé e lọ sí Ìlọrin. Nígbà tó dé, ẹnu ọ̀nà wa ló dúró sí, kò wọlé.

“Dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Ó ní ó yẹ ká ti wá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí ìkùukùu.” Kò sunkún. “Àfísù, ẹyẹ ọjọ́ yẹn kò rí gíláàsì. Gíláàsì mọ́. Ìwọ tí o fọ̀ ọ́, o mọ̀ pé ó mọ́.”

Mo lè purọ́. Ì bá gbà mí gbọ́.

“Mo mọ̀,” mo ní.

“O mọ̀ pé ojú wọn ni?”

“Mo mọ̀.”

“Gbogbo Sátidé, Àfísù. Mo ń fọ gíláàsì, ojú bàbá mi ń kú lẹ́yìn mi. Ìwọ lo sì ń bu omidùn fún mi.”

Ìyá mi jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Ìgbà náà ni mo tó lọ dọ̀bálẹ̀. Mo na gbalaja níwájú àga Ọ̀gá, mo sọ gbogbo rẹ̀.

“Dìde. Ọ̀sẹ̀ kejì tí o kúrò nílé-ìwé ni mo mọ ẹni tó fọ́ gíláàsì náà. Ó yẹ kí n wá sílé ìyá rẹ. Ojú tì mí. Mo ní wàá padà fúnra rẹ.”

“Ǹ bá padà, sà, ká ní ẹ wá.”

“Ǹ bá wá, ká ní o padà.” Ó mí kanlẹ̀. “Èmi àti ìwọ ti dọ́gba. Rhoda ni kò ṣẹ ẹnì kankan nínú wa. Mo ti bẹ̀ ẹ́ nítorí rẹ. Ó ní òun kò lè bá ẹni tó lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gbélé.”

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ẹ̀gbọ́n Rhoda rán mọ́tò wá láti Ìbàdàn kó wọn. Eruku ti bo mọ́tò náà. Rhoda fi bàbá rẹ̀ jókòó síwájú, òun wọ ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn. Mo sún mọ́ ọn. N kò rí i, eruku pọ̀ jù. Ìwé ìròyìn wà lápò mi. Mo mí sí gíláàsì náà, mo nù ún, mo tún mí sí i, mo tún nù ún, títí mo fi rí yẹtí rẹ̀, tí mo rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan rẹ̀.

“Rhoda mi,” mo ní.

Iwájú ló ń wò. Mọ́tò gbéra. N kò lè sọ pé kò rí mi. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Gíláàsì náà mọ́.