Ọta Tí Arlo Fi Sílẹ̀

Tí ìwọ́wé bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Montana, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sí ilé tí ẹ máa yà tí ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹran. Ẹni tí kò tíì pa élìkì, ìyẹn baba àgbọ̀nrín orí òkè, ń ro bó ṣe máa pa á. Ẹni tó pa á lésìí ń purọ́ kún un. Ṣùgbọ́n nílé Marlys Tveit, tí ọkọ ẹ̀ Arlo kú lóṣù kejì ọdún, fìrísà ti ṣófo, ilé sì dákẹ́ jù fún un.

Arlo kì í ra ọta ìbọn lọ́jà. Fúnra ẹ̀ ló ń kì í. Nínú yàrá abẹ́ ilé, á mú kòròfo idẹ ọta, á wọn ẹ̀tù sí i bí ẹni wọn oògùn fún ọmọ tuntun, á wá fi ẹ̀rọ tẹ orí ọta mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀rọ náà á máa dún kẹ́ẹ́-kọ̀, kẹ́ẹ́-kọ̀. Ogójì ọdún ni Marlys fi gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, tó ń ṣàròyé pé ariwo yìí kò jẹ́ kóun gbọ́ rédíò. Ní báyìí, rédíò ń dún geere, kò sì wù ú gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ mú pòtétò, ó sì rí páálí ọta kan lẹ́yìn àwọn agolo. Èyí tí Arlo kì kẹ́yìn nìyẹn, kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó kọ sára ẹ̀. Arlo kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Orí òun ni ìwé òun, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Marlys jókòó sórí àga ọkọ ẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó nujú. Inú ẹ̀ wá dùn, torí ó ti mọ ẹni tó máa fún.

Corinne ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọdọọdún ni Arlo máa ń sọ fún un pé, "Ọdún tó ń bọ̀, àwa méjèèjì la jọ ń lọ dọdẹ," títí ọdún fi tán lọ́wọ́ ẹ̀. Corinne wá ra ìbọn tuntun, Wendell, ọ̀rẹ́ tí òun àti Arlo jọ ń dọdẹ, sì ní òun á mú un lọ. Wendell yìí kan náà ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di ọdẹ bí wọn ò ṣe ní ṣe ara wọn léṣe.

"Màmá, kí lẹ dì sínú aṣọ báyìí?" ni Corinne bi í.

"Tú u wò. Bàbá ẹ ló kì í. Mo wo ara ìbọn ẹ, mo wo ti bàbá ẹ, orúkọ ọta kan náà ló wà lára méjèèjì. Ó ní òun á bá ẹ lọ. Òun náà ló ń bá ẹ lọ yìí."

Corinne tú aṣọ náà, ó rí páálí ọta. Ó dì mọ́ ìyá ẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ mọ̀ pé tí n bá fi ọta Dádì tàsé, wọ́n á jí dìde wá bú mi."

"Kó jí. Àwo tó jẹun sí tí kò fọ̀ ṣì pọ̀ nílẹ̀."

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, tìyá tọmọ lọ sí pápá ìyìnbọn láti dán ìbọn náà wò. Wendell ti wà nídìí tábìlì kejì, ó ń yẹ ìbọn tiẹ̀ wò. Corinne fi ọta kan sínú ìbọn, ó ti irin ìdí ìbọn síwájú láti fi sé e. Irin náà kò wọlé tán. Ó tún tì í, ó ṣì le.

"Fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a," ni Marlys wí lẹ́yìn ẹ̀, tòun ti filáásì kọfí lọ́wọ́. "Ìbọn tuntun ni, ojú ló ń tì í."

Corinne gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè.

"Corinne." Wendell ò pariwo. "Má gbá a. Jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí à ń yìnbọn sí ọ̀hún. Yọ ìka ẹ kúrò níbi tí wọ́n ti ń fà á. Ó dáa. Wá fa ọta yẹn jáde, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́."

Ọta jáde. Wendell gbé e sí oòrùn, ó yí i wò. Ìlà tínńrín kan ti yí orí ọta náà ká, níbi tí inú irin ìbọn ti há a mọ́.

"Ta ló kì í?"

"Dádì ni." Corinne sọ ọ́ pẹ̀lú ìyangàn.

"Mo ti mọ̀. Ta ló tún máa ń jẹ́ kó dán báyìí?" Wendell mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, o ò ní yin ìkankan nínú ẹ̀."

Marlys gbé filáásì kalẹ̀. "Wendell, ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé ọkọ mi ò mọ iṣẹ́ ẹ̀?"

"Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n débi pé ìbọn tiẹ̀ nìkan ló kì í fún. Marlys, èmi àti ìwọ lè jọ ra bàtà tó jẹ́ nọ́mbà kan náà, kó gba èmi, kó fún ìwọ lẹ́sẹ̀ pa. Ìbọn Arlo ti gbó, inú ẹ̀ ti jẹ. Ó wá ń jẹ́ kí orí ọta yọ síta gan-an kó lè bá a mu. Nínú ìbọn tuntun yìí, orí ọta náà ti ta ko irin kí wọ́n tó yìn ín rárá. Tí ẹ̀tù bá wá gbiná, tí kò tètè ríbi gbà lọ síwájú, ẹ̀yìn ló máa gbà jáde. Ojú ta ló wà lẹ́yìn?"

Corinne ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀.

"A ò tún wá mọ irú ẹ̀tù tó wà nínú ẹ̀, a ò mọ bó ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó mọ̀ ti lọ."

"Èyí tó kì kẹ́yìn láyé ẹ̀ nìyẹn, Wendell." Marlys na ìka sí páálí ọta náà. "Mo fẹ́ kó bá ọmọ ẹ̀ lọ ni."

Wendell wá jókòó tì í. "Ṣé o rántí ọdún tí èmi àti Arlo sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè tá ò bára wa sọ̀rọ̀? Tí mo kọjú sí ògiri jẹ páì tó o ṣe?"

"Mo rántí. Mo bi í títí, kò sọ. Mo rò pé obìnrin lẹ jà sí."

"Obìnrin wo ló máa gbà mí? Páálí ọta mi ni mo gbàgbé sílé. Élìkì kan wá dúró síwájú mi, ìwo ẹ̀ ò kéré. Ibi tí Arlo wà, igi dí i lójú. Mo ní, 'Arlo, yá mi ní ẹyọ kan.' Ọta kan náà ni ìbọn wa ń jẹ. Ó kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ẹran bá tiẹ̀ lọ. Mo bú u látorí òkè dé ìdí ọkọ̀. Ó jẹ́ kí n bú u tán, ó wá ní, 'Wendell, mo fẹ́ràn ojú ẹ méjèèjì ju ẹran lọ.' Ọgbọ̀n ọdún la fi jọ dọdẹ, Marlys. A jọ mu kọfí nínú ife kan. Mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ rí, torí ó rẹ̀ mí láti fọ tèmi. Kò yá mi ní ọta rí títí tó fi kú."

Marlys wo ojú ọmọ ẹ̀, tó jọ ti Arlo bí ìmumu. Ó na ọwọ́, ó dé páálí ọta náà fúnra ẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn," ló wí, "gbogbo ohun tó yẹ kó sọ fún mi, Wendell ló ń sọ ọ́ fún. Díẹ̀ ló kù kí n fi ìfẹ́ fọ́ ojú ọmọ mi."

Wọ́n gba ilé lọ. Wendell fi irinṣẹ́ yọ orí àwọn ọta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò da ẹ̀tù wọn padà sínú agolo kankan. Marlys gbé e jáde, ó fọ́n ọn káàkiri sí ìdí òdòdó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí Wendell ṣe ní kó ṣe é.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ Arlo pé kó bá mi tọ́jú ìdí òdòdó yìí," ló wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé ibẹ̀ lónìí."

Wendell ju àwọn kòròfo idẹ nù, nítorí kò sẹ́ni tó mọ iye ìgbà tí wọ́n ti yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ó wọn àwọn orí ọta lórí òṣùwọ̀n, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó yọ èyí tó ti há kúrò, ó sì kó ìyókù sọ́wọ́ Corinne.

"Kò sí ohun tó ṣe àwọn wọ̀nyí. Jókòó sí àga bàbá ẹ."

Ó kọ́ ọ níbẹ̀. Orí ọta Arlo, kòròfo tuntun, ẹ̀tù tuntun látinú agolo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, kò sì sí agolo ẹ̀tù míì lórí tábìlì. Ìwé tí àwọn tó ṣe ẹ̀tù náà tẹ̀ jáde wà ní ṣíṣí níwájú wọn, ìwọ̀n ẹ̀tù tó kéré jù lọ nínú ẹ̀ sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí fóònù Corinne dún, Wendell gbà á, ó sì na án sí Marlys.

"Bá a gbé e. Sọ fún wọn pé ojú ẹ̀ ló ń tọ́jú."

Marlys gbé fóònù náà gòkè. Ó wà nídìí sítóòfù nígbà tó gbọ́ ọ lábẹ́ ilé: kẹ́ẹ́-kọ̀, kẹ́ẹ́-kọ̀. Ó pa rédíò. Ó dùn ún, ó sì tún dùn mọ́ ọn nínú, ó sì dúró síbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Marlys ló mú kálámù. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí náà: irú ẹ̀tù tó wà nínú ẹ̀, bó ṣe wúwo tó, ọjọ́ tí wọ́n kì í, ìbọn Corinne nìkan. Nígbà tí wọ́n tún lọ sí pápá ìyìnbọn, irin ìdí ìbọn wọlé wẹ́rẹ́, láìsí pé ẹnì kan gbá a.

Òjò dídì ti bo òkè nígbà tí Corinne padà dé. Òtútù ti sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ di pupa, ẹ̀jẹ̀ ẹran wà lápá ẹ̀wù ẹ̀, Wendell sì ń tẹ̀ lé e, ó ń fẹjọ́ ẹ̀yìn ara ẹ̀ sùn nítorí ẹrù ẹran. Corinne fi nǹkan kan sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá ẹ̀. Orí ọta ni, ó ti là bẹẹrẹ bí olú. Abẹ́ awọ élìkì ni wọ́n ti rí i.

"Dádì bá mi lọ, Màmá."

Marlys ò tíì wo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú ọmọ ẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, ti ọ̀tún, ti òsì. Méjèèjì pé.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin aya ọdẹ àti ọmọ ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Ọta tí ẹlòmíì fọwọ́ ara ẹ̀ kì, ẹ má yìn ín, ì báà jẹ́ bàbá yín ló kì í, ì báà jẹ́ orúkọ kan náà ló wà lára ìbọn yín àti tiẹ̀. Tí irin ìdí ìbọn bá kọ̀ tí kò fẹ́ tì, ó ń kìlọ̀ fún yín ni. Ẹ má fipá tì í. Ẹni tó bá ń kì í, kó tẹ̀ lé ìwé, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó kéré jù lọ, kó má kó ẹ̀tù oríṣi méjì sórí tábìlì kan, kó má sì bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ lẹ́nu iṣẹ́. Kó kọ gbogbo ẹ̀ sára páálí, torí àwọn tó máa kù lẹ́yìn ẹ̀ ò lè ka ohun tó wà lórí ẹ̀. Tí olóògbé bá sì fi ọta sílẹ̀ nílé yín, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ kó bá yín tú u.

A ò ní kẹ́ ẹ má fẹ́ràn ara yín. Ohun tá a ń sọ ni pé ìfẹ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀tù. Ẹran á tún kọjá lọ́dún tó ń bọ̀. Ojú tó bá lọ kì í hù.