Híítà Ràmọ́nì àti Gálọ́ọ̀nù Mẹ́rin

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ mú ní Ṣakí lọ́dún 1984, Ràmọ́nì tó ń tún rédíò ṣe wọ yàrá ìyá rẹ̀ bó ti ń ṣe lójoojúmọ́, láti kí ìyá, kó sì wo ẹja.

Ẹja kẹ̀? Ẹja ni o! Mẹ́jọ ni wọ́n, wọn ò ju ọmọ ìka lọ, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àpótí gíláàsì, híítà kékeré kan sì ń mú omi wọn lọ́wọ́ọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò a dúró lójú wíńdò, wọn a lanu sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, Àrínọlá, ló ya Ràmọ́nì lẹ́nu jù. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, oṣù mẹ́sàn-án gbáko, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ẹja dé ni wọ́n lanu, wọ́n wo ẹja pupa kan, wọ́n ní, "Sùbùhánálláhì." Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré, ṣùgbọ́n Ràmọ́nì ń fi í dúpẹ́.

Láàárọ̀ yìí, wọn ò sọ ọ́. Ẹja méjì ti léfòó, àwọn yòókù dúró gbagidi nísàlẹ̀. Ràmọ́nì fọwọ́ kan gíláàsì, ó tutù bí omi àmù. Iná kò lọ, híítà sì ń ṣiṣẹ́.

Ó ránṣẹ́ pe Olúsọjí, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó fún un lẹ́ja. Tíṣà dé, ó bi í léèrè irú híítà tó rà. Ràmọ́nì ní wáàtì márùndínlọ́gbọ̀n. Ó ní ṣebí tíṣà ló ní wáàtì márùn-ún fún gálọ́ọ̀nù kan, gálọ́ọ̀nù mẹ́rin lòun sì pọn sínú àpótí. Ogún ni, òun tiẹ̀ ra èyí tó ní èènì.

"Gálọ́ọ̀nù wo?"

Ìyá ni. Olúsọjí yíjú padà, ẹnu Ràmọ́nì ò lè pa dé. Ogún ọdún ni ìyá fi ta kẹrosíìnì. Wọ́n nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì tí Ràmọ́nì fi pọnmi, tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbogbo ike lẹ̀yin ọmọ ìsinyìí ń pè ní gálọ́ọ̀nù. Gálọ́ọ̀nù márùn-ún ni eléyìí ń gbà, Ràmọ́nì."

Olúsọjí ṣírò rẹ̀: ogún gálọ́ọ̀nù, ọgọ́rùn-ún wáàtì. Ó ní híítà tí Ràmọ́nì rà dà bí ẹni tó ń fi iná àtùpà se ìkòkò iṣu. Ó kìlọ̀ pé kó má lọ ra èyí tó tóbi kọjá ààlà o, nítorí bí irú rẹ̀ bá bàjẹ́ tí kò lè pa ara rẹ̀ mọ́, á bọ ẹja. Kó máa fi òṣùwọ̀n ooru wo omi, kó sì yọ híítà kúrò lára iná kó tó tọwọ́ bọ omi.

Ràmọ́nì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé àpótí, ó wọ mọ́tò Ìbàdàn. Nígbà tó fi máa gbé híítà tó yẹ dé lọ́jọ́ kejì, ẹja mẹ́ta péré ló kù.

Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹja mẹ́ta náà bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ kiri fìrìfìrì. Ìyá wò wọ́n pẹ́.

"Sùbùhánálláhì," ni wọ́n wí. Wọ́n wá bojú wo ọmọ wọn. "Ràmọ́nì, ẹja pupa mi dà?"

Ó ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án tó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìyá òun bojú wo òun, kí wọ́n bi òun ní nǹkan. Ìgbà tí wọ́n wá bi í, ẹja tó ti kú ni wọ́n ń béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja, kí ẹ tó ra híítà, ẹ wọn omi yín. Ẹ má ṣe fi orúkọ ike ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ fi gálọ́ọ̀nù tó dá yín lójú wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì rántí ọyẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rú yín lójú, ẹ bi àgbà tó ti fọwọ́ wọn nǹkan rí.