Ìgò Omi Méjì

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Olúyẹ́misí Akínsànyà fi lẹ́tà kan sílẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa àyíká, ní yunifásítì tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Àkúrẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí ẹbí Ọlálékan, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wá mọ ẹbí rẹ̀. Lẹ́tà náà jẹ́wọ́ pé irọ́ wà nínú iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn méjèèjì jọ fi gba oyè: ìgò méjì tí wọ́n pè ní ti Bọ́lọ́rundúró, Oǹdó ni wọ́n ti pọn omi inú wọn. Kò sọ fún Ọlálékan kí ó tó fi í sílẹ̀.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni olùkọ́ wọn yàn wọ́n pọ̀ láti yẹ omi kànga wò. Wọn kò mọ ara wọn dáadáa tẹ́lẹ̀. Òjò ká wọn mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Oǹdó, ọlọ́kadà sì kọ̀ láti gbé wọn lọ sí Bọ́lọ́rundúró.

"Ẹ padà wá lọ́la," ó ní. "Ẹrẹ̀ yẹn á gbé yín mì."

Ọlálékan rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi ní ṣé wolé-wolé ni mo ń kọ́ fún odidi ọdún mẹ́rin."

"Sọ fún wọn pé ọ̀gá wolé-wolé ni," Yẹ́misí dá a lóhùn.

Inú Yẹ́misí ń dùn. Kò fẹ́ kí ọjọ́ náà parí sínú ẹrẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n pọn omi kànga ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù sínú ìgò méjì tó kù. Òun ló kọ Bọ́lọ́rundúró sí wọn lára. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Ọlálékan sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Omi Oǹdó mọ́. Èsì rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Bọ́lọ́rundúró.

Ọlálékan di olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama. Yẹ́misí ríṣẹ́ sí àjọ kan tó ń kọ́ ará ìlú nípa omi àti ìdọ̀tí. Iṣẹ́ yìí ló gbé e dé Bọ́lọ́rundúró ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Àǹtí wolé-wolé, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," Ìyá Adépọ̀jù, tí kànga wà lágboolé rẹ̀, sọ fún un. "Àwọn ọmọ yunifásítì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó mọ́. Àtìgbà náà la ò ti sè é mọ́. Inú rírun àwọn ọmọ wa nìkan ni kò yé wa."

Yẹ́misí bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa sè é. Kò lè sọ ìdí. Nígbà tó padà délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà náà.

"O fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́!" Agnes, ìyá rẹ̀, pariwo nígbà tó gbọ́ nípa lẹ́tà náà. "Ta ló máa wá fẹ́ ọ báyìí?"

Ọlálékan wá ní Ọjọ́rú. Kò jókòó.

"O kọ orúkọ mi sí i."

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo dá a lábàá."

"O ò sọ fún mi, Yẹ́misí."

"Olólùfẹ́ mi, ká ní mo sọ ni, wàá bẹ̀ mí, màá sì gbà. Ara mi ni mò ń bẹ̀rù."

Ọlálékan kọjú sí ilẹ̀kùn. "Ìṣojú mi ni o ti kọ Bọ́lọ́rundúró sára ìgò. Èmi náà rí i, mo wò ọ́ níran." Ó jáde láìdágbére.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, fóònù Yẹ́misí dún. Ìyá Adépọ̀jù ni.

"Àǹtí, ọkùnrin kan ń lọ láti ojúlé dé ojúlé níbí. Ó ní ká máa se omi. Ó ní òun àti ìyàwó òun ló ṣẹ̀ wá."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ rẹ̀?"

Ìpè náà já. Fóònù Ọlálékan kò wọlé, ẹbí rẹ̀ kò sì sọ bóyá àwọn ń bọ̀ lọ́la. Títí ilẹ̀ fi ṣú, Yẹ́misí kò rí ẹni tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ọlálékan ni ọkùnrin náà.