Wàláà Orí Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ọmọ́níyì

Olè náà ti ta tapólì bo ojú ihò tó dá sára ògiri kó tó lọ. Ohun tó kọ́kọ́ kọ Ìnspẹ́kítọ̀ Fúnkẹ́mi Ọlálérè lóminú nìyẹn.

Ó gun àkàbà. Ó tú igun tapólì kan, ó yọjú wo ihò náà. Òkè ẹnu ọ̀nà gan-an ló wà, níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí àwọn Ọmọ́níyì ní ní Ìgèdè-Èkìtì. Wàláà sìmẹ́ńtì kan, tí ìbú rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ẹnìkan yọ ọ́ lọ.

Kò fọ́ ògiri. Ó gbẹ́ amọ̀ ká wàláà náà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó wá kan tapólì mọ́ ògiri kí òjò má bàa wọlé. Sábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan, ó fi rọ́bà pélébé kan sí i, èyí tó gé lára sálúbàtà, kí omi má ráyè gba ojú ìṣó wọlé.

Fúnkẹ́mi sọ̀ kalẹ̀. Olè wo ló ń ṣàánú ilé tó jà lólè?

Dùnmínínú, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka àṣà ní ìjọba ìbílẹ̀, gbá fáìlì mọ́ àyà nísàlẹ̀. Òun ló lọ fẹjọ́ sùn ní Adó.

"Ọ̀gá mi, ìgbìmọ̀ ń bọ̀ láago mẹ́rin òní," ó ní. "Ilé tó bá ti wà ṣáájú ọdún 1940 ni káńsù ń mú. A ó pààrọ̀ páànù rẹ̀, a ó tún ògiri rẹ̀ ṣe, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o mọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, kí onílé sì tẹ̀ka."

"Wàláà yẹn nìkan ni ẹ̀rí?"

"Òun nìkan, mà. Ọ̀dà ti bò ó mọ́lẹ̀ látijọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ọdún tó wà níbẹ̀. Ẹ wò ó."

Ó ṣí fọ́ọ̀mù náà. Ibi tí wọ́n ń kọ ọdún sí ṣófo.

Màmá Àyọ̀kẹ́, ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin, ló ń dá gbé inú ilé náà. Ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin ló lọ lánàá tí olè fi wọlé wá. Ó jókòó sórí àga ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún.

"Ọmọ mi, bí wọn ò bá tún ulé yìí ṣe lọ́dún yìí, òjò ọdún tó ń bọ̀ kò ní bá a lórí ìdúró."

"Ta lẹ fura sí, Màmá?"

Màmá wo ilẹ̀. Fúnkẹ́mi mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Bí ìyá ṣe ń dákẹ́ nítorí ọmọ tó bí nìyẹn.

Adébáyọ̀ ni ọmọ náà. Ohun èlò ìkọ́lé ló ń tà ní Adó. Ó fara ti mọ́tò rẹ̀ níta, kò fẹ́ wo ojú ọlọ́pàá.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ wó ilé yìí."

"Mi ò fi bò. Ilé amọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kí n mú ìyá mi lọ síbi tí omi ẹ̀rọ wà."

"Wọ́n rí mọ́tò yín ládùúgbò yìí lánàá."

Adébáyọ̀ yọ ara kúrò lára mọ́tò rẹ̀. "Mo wá bẹ Màmá kí wọ́n má tẹ̀ka. Mi ò bá wọn nílé. Mo yà padà."

"Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jọ?"

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, mà. Bí mo bá fẹ́ ba ilé yìí jẹ́, ṣé orí àkàbà ni n ó gùn lọ? Omi garawa mẹ́wàá lẹ́sẹ̀ ògiri ti tó."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ẹni tó fẹ́ kí ilé wó kì í ta tapólì fún un. Síbẹ̀ Fúnkẹ́mi ní kó má kúrò níbẹ̀.

Ó pe Ilésanmí, bíríkìlà tí káńsù rán wá. Ọkùnrin náà ti ń làágùn.

"Ìwọ lo ń họ ọ̀dà ara wàláà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo họ jáde: OLUWA NI OLUSO. Bí mo ṣe fẹ́ máa họ ọ́ lọ, Màmá ní kí n dúró kí àwọn gbàṣẹ lọ́wọ́ olórí ẹbí. Wọ́n pè é lórí fóònù. Bàbá olórí ẹbí ní kí n fi í sílẹ̀ di òní."

"Ìlà mélòó ló kù lábẹ́ ọ̀dà?"

"Méjì, bí mo ṣe fọwọ́ bà á."

"O rí ọdún níbẹ̀?"

"Mi ò rí nọ́ńbà kankan, mà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Kó irin iṣẹ́ rẹ wá."

Ó kó o wá. Irin tó fi ń dá ògiri lu rí róbótó, ẹnu rẹ̀ sì ti kú. Fúnkẹ́mi gbé e gun àkàbà, ó fi í wé ojú ihò. Kò bára mu. Ojú irin tó gbẹ́ amọ̀ yìí tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ tó ìka méjì, ó sì mú bí abẹ.

Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí olórí ẹbí fi dé. Bàbá Adéolúwa ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, tó ti fìgbà kan kọ́ni ní iṣẹ́ káfíńtà nílé ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ ọmọ ìyàwó àgbà bàbá Màmá Àyọ̀kẹ́ ni. Ìyàwó kékeré ló bí Màmá Àyọ̀kẹ́. Bàbá Adéolúwa fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí káńsù pé kí wọ́n wá gba ilé náà là.

"Ìnspẹ́kítọ̀, ẹ wá olè yìí fún mi. Ẹ má wojú ẹnikẹ́ni." Bó ti ń sọ̀rọ̀, Adébáyọ̀ ló ń wò. "Bàbá tó bí bàbá mi ló fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́ ilé yìí ní 1934. Mi ò ní gbà kí ẹnìkan sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù."

"Ìgbà wo lẹ ti débí kẹ́yìn, sà?"

"Láti Ọjọ́ Àjíǹde. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Fúnkẹ́mi rọra kọ nọ́ńbà mẹ́rin sínú ìwé rẹ̀. Ó pa á dé.

"Mo gbọ́ pé ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ káfíńtà. Ẹ mú mi dé ṣọ́ọ̀bù yín, sà."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ wò ó ni."

Bàbá kò tètè gbé ẹsẹ̀. Nígbà tó gbé e, kò jọ ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Eruku igi bo ilẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, sálúbàtà àtijọ́ kan sùn sílẹ̀, wọ́n ti gé e ní igun mẹ́rin mẹ́rin títí ó fi kù díẹ̀ kó tán. Irin ìgbẹ́gi kan, tó fẹ̀ tó ìka méjì, wà lórí tábìlì. Amọ̀ pupa ṣì wà ní ọrùn rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpò ìdọ̀họ bo nǹkan kan.

Fúnkẹ́mi ká àpò náà kúrò. Wọ́n ti họ gbogbo ọ̀dà ara wàláà náà dànù.

OLUWA NI OLUSO
FELISIA OMONIYI LO KO ILE YI
1934

Láàárín ìlà kejì àti ìkẹta, ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù fa ìlà tó tọ́ gbọnrangandan.

"Abẹ́ ọ̀dà ni ọdún yìí wà, sà," Fúnkẹ́mi ní. "Bíríkìlà kò rí i. Káńsù kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin nìkan lẹ dá a sọ lẹ́nu. Ẹ sì ní kí wọ́n dúró di òní kí ẹ lè ráyè lánàá, torí ẹ mọ̀ pé Màmá máa lọ ìpàdé."

Bàbá Adéolúwa jókòó sórí pákó.

"Bàbá mi ló kun ún, lọ́dún tí Felisia, ìyá Màmá, kú, tí Màmá ṣì kéré. Aṣọ kíjìpá lobìnrin náà ń hun, ohun tó fi kọ́lé nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ wulẹ̀ bá a gbé inú rẹ̀ ni. Bàbá mi ní bí ayé bá ka ìlà kejì, àwa ọmọ ìyàwó àgbà di àlejò níbẹ̀. Ó sọ fún mi kó tó kú pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni họ ọ̀dà yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò fọ́ ọ?"

"Mo fẹ́ kí ilé náà dúró! Ọdún ni mo fẹ́, orúkọ ni mi ò fẹ́. N ó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, n ó jù ú sẹ́yìnkùlé kí wọ́n rí i ṣáájú aago mẹ́rin." Ó nu ojú. "Àti pé tó bá di ti Màmá, lọ́jọ́ tó bá kú, Adébáyọ̀ máa wó o."

"Kò lè wó o bí káńsù bá ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Orí Bàbá tẹ̀ ba.

"Mo mọ̀."

Wọ́n gbé wàláà náà padà sílé. Dùnmínínú ka ìlà kejì sókè fún Màmá Àyọ̀kẹ́, torí Màmá kò mọ̀wé. Màmá ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Màmá kọjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Adéolúwa. Bí páànù kan bá jò, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti ń tọrọ àyè kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún ọ. Àgbà bí èmi! Nínú ulé ìyá mi."

Bàbá Adéolúwa dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá kò ní kó dìde. Fúnkẹ́mi ló fà á sókè níkẹyìn, tó fi í sínú mọ́tò ọlọ́pàá kó lè lọ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Adó.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ fi máa dé láago mẹ́rin, Ilésanmí ti fi sìmẹ́ńtì gbé wàláà náà padà sáyè rẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n kọ ọdún sínú fọ́ọ̀mù. Dùnmínínú fẹ́ kọ orúkọ onílé.

"Kọ orúkọ ìyá mi ná," Màmá wí, "kí o tó kọ tèmi."

Dùnmínínú kọ méjèèjì. Ó ti ìwé náà síwájú Màmá, pẹ̀lú yíǹkì.

Adébáyọ̀ sún mọ́ ọn. "Màmá, ṣé ó yé yín? Bí ẹ bá tẹ̀ka síbẹ̀, èmi náà ò ní lè fọwọ́ kan ilé yìí láéláé."

"Ó yé mi," Màmá wí. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìwé. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó ní kò hàn tó, ó sì tún un tẹ̀.