Irin Òjíṣẹ́ Tí Kò Kan Omi Òkun

Àpótí náà ti pòórá. Tẹmọ́mítà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn bí omi ṣe tutù tó ní ìsàlẹ̀ òkun. Ìlẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí kò fọ́. Àgádágodo kò já. Ìnsípẹ́kítọ̀ Morónkẹ́ Olúsànyà wo ilé ìwádìí kékeré náà yíká ní Ìkẹ́nnẹ́, ó pòṣé. Eruku pọ̀ níbẹ̀ ju ìwádìí lọ.

"Ẹ má fi àkókò yín ṣòfò, Màdáàmù," ni Dókítà Adétúnbọ̀, ọ̀gá ibẹ̀, wí. "Lánípẹ̀kun tó ń ṣọ́ yàrá ló kó o. Ẹ wo ìwé tí a fi ń gba ẹrù jáde: ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1995, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó fọwọ́ sí i."

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Méjì. Tirẹ̀ àti tèmi. Ṣùgbọ́n ìpàdé ni mo wà l'Ékòó lọ́jọ́ náà. Ogójì ènìyàn ló rí mi." Ó mí kanlẹ̀. "Mọ́ńdè làwọn àlejò wa ń ti òkè òkun bọ̀. Wọ́n ti ka ìwé tí mo fi ránṣẹ́ lórí omi tí mo wọ̀n. A fẹ́ jọ lọ wọn omi. Kí la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n báyìí?"

Lánípẹ̀kun ti wà ní àtìmọ́lé ní Ṣàgámù. Wọ́n ti tẹ lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ fi lé e lẹ́nu iṣẹ́ ọdún méjìdínlógún. Ìfọwọ́sí ló kù. Morónkẹ́ lọ bá a níbẹ̀.

"Ta lẹ rò pé ó kó o, Bàbá?"

"Ọ̀gá, kí ni olè fẹ́ fi ṣe? Kò ṣeé fi wọn ibà."

"Báwo lẹ ṣe ń lò ó?"

"A ó so ó mọ́ okùn, a ó sọ̀ ọ́ sínú omi. Tó bá dé ìsàlẹ̀, a ó ju irin bàbà kan sórí okùn yẹn. Òjíṣẹ́ là ń pè é. Yóò yọ̀ lọ, yóò gbá tẹmọ́mítà dojú dé, iye tó bá wà níbẹ̀ á há síbẹ̀. Oòrùn òkè kò lè yí i padà mọ́."

Nígbà tó padà sí Ìkẹ́nnẹ́, Morónkẹ́ pe Báyọ̀, awakọ̀ ilé ìwádìí.

"Ìgbà mélòó lo gbé Dókítà lọ sí òkun?"

"Mọ́kànlá, mà."

"Ta ló tu ọkọ̀ ojú omi?"

Báyọ̀ wo àjà. "Ó ti pẹ́, mà."

"Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé oṣù tó kọjá ni. Ìyẹn ló pẹ́? Jáde níwájú mi."

Ó padà sí yàrá ìkẹ́rùsí. Òjíṣẹ́ wà lórí pẹpẹ. Gírísì ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì nípọn lára rẹ̀, bébà ìdìpọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Okùn ṣì wà ní kíká. Ó fi ahọ́n kàn án. Kò sí iyọ̀ kankan. Ó wá yíjú sí kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó wá ọjọ́ kẹrìnlá. Sátidé ni.

Ó kọjá sí ìjọ Adífẹ́ńtì tí Lánípẹ̀kun ń lọ, àwọn tó ń sinmi ní Sátidé. Ìyá Modúpẹ́olúwa, akọ̀wé ìjọ, rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọjọ́ náà.

"Lánípẹ̀kun? Kó wá ṣiṣẹ́ ní Sábáàtì? Òun ló kọ́ wa ní Bíbélì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, láti aago mẹ́sàn-án títí di mọ́kànlá. Ẹni tó bá sùn, ó ń fi orúkọ pè é!"

Dókítà wà lórí àga rẹ̀ nígbà tí Morónkẹ́ wọlé.

"Ìwé tí ẹ kọ sọ pé ẹ sọ tẹmọ́mítà sínú òkun nígbà mọ́kànlá. Òjíṣẹ́ yín kò tíì kúrò nínú gírísì. Iye inú ìwé yẹn, ta ló wọ̀n ọ́n?"

Dókítà dìde, ó ti ìlẹ̀kùn.

"Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín gbé àpótí, káwọn àlejò má baà ní kí ẹ jáde lọ wọn omi. Ẹ wá ọjọ́ tí ogójì ènìyàn lè jẹ́rìí yín, ẹ kọ orúkọ ẹlòmíràn sínú ìwé ẹrù. Ẹ ò wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ tí Bàbá kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ lẹ mú. Dókítà, ọmọ iléèwé á ṣe é dáadáa jù yín lọ."

Ọkùnrin náà jókòó padà. "Ìgbà kan ṣoṣo ni mo wọ ọkọ̀ ojú omi," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo bì títí mo fi dákú. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí òkun, èébì ló ń gbé mi. Inú ìwé àwọn ẹlòmíràn ni mo ti kó gbogbo iye náà. Àpótí wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Ṣímáwà."

"Nítorí èébì lẹ ṣe fẹ́ ba ayé àgbàlagbà jẹ́?"

"Ojú ló ń tì mí."

"Kò tì yín tó."

Ó ṣí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ọlọ́pàá.

"Ẹ wọlé. Bàbá ń dìde ní Ṣàgámù. Ibi tó jókòó sí ṣì gbóná."